Ọmọ Inú Pósítà

Nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí gbogbo ẹni tó ní agbádá méjì ní Bàrígà ń múra láti di nǹkan kan, Alàgbà Ẹkúndayọ̀ náà jáde fún kánsẹ́lọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ló kọ́ sí Abúlé Òkúta. Tẹniọlá nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà níbẹ̀, yàrá iwájú ló sì ń gbé, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Kò tíì pé oṣù kan tí Alàgbà ní kó gbé ìwé dání, kí wọ́n ya àwọn méjèèjì ní fọ́tò fún pósítà. Ní báyìí, yàrá gan-an ló fẹ́ gbà, kó fi ṣe ọ́fíìsì ìpolongo.

Ọjọ́ Ajé ló sọ fún un, nígbà tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ló kàn.

"Tẹ́ní, ọmọ mi, bá mi kó kúrò nínú yàrá yẹn kí Sátidé tó dé. Ìlú ló nílò ẹ̀."

Tẹniọlá kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà."

Ìgbà tó dìde ló tó rí i pé òun ò mọ ohun tóun ń dúpẹ́ fún. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbé pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ síwájú àwọn olùkọ́. Bí yàrá bá lọ, kò sí ibi tó máa jókòó sí kọ ọ́ tán. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni, bí ẹni tó wà nínú ilé ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta. Ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, ó sì kó ilẹ̀ dànù.

Munirat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ka òfin, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Obanikoro, ló bá a bínú.

"Ọdọọdún lo ń sanwó. Oṣù mẹ́fà ni òfin ní kó fún ẹ, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Rìsíìtì ẹ dà?"

"Kò sí."

"Àgírímẹ́ǹtì ńkọ́?"

"Kò sí."

"Fún ọdún mẹ́ta, Tẹ́ní? Ṣé inú mọ́ṣáláṣí lo ń sùn ni?"

Kí ni Tẹniọlá fẹ́ sọ? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alàgbà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá tirẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí màmá mú un wá, tó ní kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, ńṣe ni Alàgbà fọwọ́ sáyà: "Ṣé ọmọ ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ni?" Ojú ti màmá débi pé òun ló tún ń bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Tẹniọlá ti ń pè é ní Dádì, tó ń gbé omi fún àlejò rẹ̀, tí Alàgbà sì ń nawọ́ sí i: "Àbígbẹ̀yìn mi nìyẹn. Yunifásítì ló wà." Bó ṣe máa ń sọ ọ́, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó ṣe ìdánwò.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Tẹniọlá àti Munirat lọ bá Alàgbà ní pálọ̀. Ọkùnrin pátì kan, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Alàgbà, ti wà níbẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, Munirat sì sọ ohun tí òfin wí fún ayálégbé.

"Ayálégbé?" Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ mi ni Tẹ́ní. Kí ló kan nótíìsì láàárín èmi àti ọmọ mi?"

Ọkùnrin pátì mi orí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Tẹniọlá ń wo ẹsẹ̀ àga Alàgbà. Ọ̀kan kúrú, wọ́n ti ká páálí sábẹ́ ẹ̀.

Munirat ò jiyàn. Ó fa pósítà kan yọ nínú báàgì, èyí tó ṣí lára ògiri ní Fádèyí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa ka ohun tẹ́ ẹ kọ síbí. A fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Kò sí ìgbà tí wọ́n ní kí Alàgbà ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tó kọ̀. Ó wá awò ojú rẹ̀ kàn, ó wúkọ́, ó gbóhùn sókè bí ìgbà tó bá ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì:

"'Alàgbà Ẹkúndayọ̀, bàbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́! Ẹ wo Tẹniọlá, ọmọ yunifásítì. Ọdún kẹta rèé tó ti ń sanwó yàrá nínú ilé mi, n kò sì fi kọ́bọ̀ kún un...'"

Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ kà á délẹ̀, sà," Munirat ní. "Ó ku 'ẹ dìbò fún olóòótọ́'."

"Mélòó lẹ tẹ̀ jáde?" ọkùnrin pátì bi Alàgbà.

"Ẹgbẹ̀rún méjì."

"Alàgbà, ẹ fún ọmọ yìí lóṣù mẹ́fà ẹ̀, ẹ jẹ́ á sinmi."

Bí pálọ̀ Alàgbà ṣe di ọ́fíìsì ìpolongo nìyẹn. Ó mú bébà, ó kọ orúkọ Tẹniọlá sí i, ó kọ "ayálégbé" tẹ̀ lé e, ó kọ oṣù mẹ́fà, ó sì fọwọ́ sí i gbàgàdà. Kò wo ojú rẹ̀ títí tó fi na bébà náà sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tẹniọlá pàdé rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì."

"Káàárọ̀, ayálégbé," Alàgbà ní, ó sì kọjá.

Tẹniọlá dúró díẹ̀, ó ń retí kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kò dùn ún. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu yàrá kìíní bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó gbá a tán, ó wọlé, ó jókòó sídìí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ ògiri òdìkejì títì, òun alára ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà, ó gbé ìwé dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wò ó títí, kò rántí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síbi tó kọ ọ́ dé, ó sì ń bá a lọ.