Owó Àkọ́san Ilé Àpòmù

Fọláṣẹwà kì í ṣe ahun o. Kí ẹni tó bá fẹ́ bú u kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn. Aránṣọ ni ní Ìkirè, ilé ló ń wá. Ẹni tó bá ti há sínú yàrá kan pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì fún ọdún mẹ́sàn-án kò ní fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá Rùfáì kọ́ ilé oníyàrá méjì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ ní Àpòmù. Ó fẹ́ tà á fún Fọláṣẹwà àti ọkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ìdajì owó wá kí ọdún tó parí, kí wọ́n kó wọlé, kí wọ́n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ta ló tún ń rí irú ẹ̀ lóde òní?

Ni Fọláṣẹwà bá sán àmùrè gírí. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹ̀. Nígbà tó yá, pọ̀nmọ́ náà bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Dódò Ìkirè di ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ lọ́jọ́ ìbí nìkan. Olúsànyà ọkọ rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́jẹ̀ ẹ̀, ń dúró níta ibi tí wọ́n ti ń wò ó, ó ń gbọ́ ariwo. Bó bá délé, á ní, "A jẹ wọ́n méjì!"

Ó wá ku òde. Ìkómọ, ìsìnkú, ìṣílé, Fọláṣẹwà yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ ni pé èèyàn kì í lọ kí èèyàn lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí kò bá ní ohun tó máa mú dání, kó jókòó sílé ẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Bàbá Rùfáì, kú.

"Ṣé a ò ní dé ibi fídáù yìí?" ni Olúsànyà bi í.

"Bàbá Ànú, kí la máa mú dání? Ẹ jẹ́ kówó ilé pé ná. Tá a bá ti kó débẹ̀, ojoojúmọ́ la ó máa kí wọn."

Nígbà tó di oṣù kejìlá, owó pé. Wọ́n gbé e lọ sí Àpòmù nínú náílọ̀n dúdú. Bàbá ní kí wọ́n jókòó, ó bu omi fún wọn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan owó.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò tà á mọ́."

Fọláṣẹwà ní, "Bàbá, ṣé ẹlòmíì fi kún un ni?"

"Kò sẹ́ni tó dá iye kankan lé e. Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ fẹ́ wá gbé. Àràárọ̀ ni Àmọ̀kẹ́ ń gbá iwájú ilé yẹn dè yín. Ó kú, mo retí yín lọ́jọ́ kẹta. Mo retí yín lọ́jọ́ kẹjọ. Mo tún retí yín lógójì."

"A ò rí nǹkan mú dání ni, Bàbá. Ojú ló ń tì wá."

Bàbá kò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ dun Fọláṣẹwà jù.

"Ta ló bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín?" ni Bàbá wí. "Ẹ̀ bá kàn wá jókòó tì mí."

Fọláṣẹwà lanu, ó fẹ́ kí i kú àṣẹ̀yìndè. Kó tó sọ ọ́, Bàbá ti gbé náílọ̀n lé Olúsànyà lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n tètè máa lọ kí mọ́tò Ìkirè tó tán.