Alùpùpù Lẹ́yìn Ẹni Tó Ru Omi

Inú ilé ni ọ̀nà odò náà gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ibùsùn Màámi, ó la àárín àwọn àga pálọ̀ kọjá, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀, pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí Ìbíwùmí ti mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà èwe. Òrùn wà níbi tó yẹ kí àjà wà, síbẹ̀ kò sí ohun tó ní òjìji. Ipa táyà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, bí ìlà tí ọmọdé fi igi fà. Ìbíwùmí bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án. Ipa táyà máṣíìnì Màámi ni. Ó ṣì gbóná.

Ó gbójú sókè, Màámi sì wà níbẹ̀.

Ọdún kẹfà nìyí tí wọ́n ti sin Màámi sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Kò dà bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó wọ bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ó sì fi okùn rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù so ìró mọ́ ojúgun rẹ̀ méjèèjì, bó ti máa ń ṣe kó tó gun máṣíìnì. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń ká òṣùká. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Kò sí ìgbà kan tí òṣùká àkọ́kọ́ tẹ́ Màámi lọ́rùn rí.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi." Ohùn jẹ́jẹ́ ni Ìbíwùmí fi sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má baà lé e lọ.

"Ṣé omi wà nílé?" Màámi kò gbójú kúrò lára òṣùká.

"Ó wà, mà."

"Ó dáa."

Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ti ibi ìgbẹ̀bí dé, kó tó bọ́ bàtà. Ìbíwùmí wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. Kò sí Abídèmí níbẹ̀. Òun nìkan ni Màámi wá bá. Inú rẹ̀ dùn, adùn náà sì burú díẹ̀, bí adùn oúnjẹ tí ènìyàn fi pamọ́ jẹ. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí inú rẹ̀ ti dùn kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Abídèmí, àbúrò rẹ̀, ló fà á. Ọjọ́ Jímọ́ ló ti Èkó wọ Àgọ́ Olókè pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, alùpùpù eléré ìje kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi okùn dè tọ̀tún tòsì bí ẹṣin tó lè já. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin inú omi, ó ń dán. Owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ló fi rà á.

Ìbíwùmí ni ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ní ìlú náà. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Máṣíìnì kékeré tí Màámi fi ń gbẹ̀bí káàkiri abúlé Òkè-Ògùn ló kọ́kọ́ tú palẹ̀, ó to nọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí ẹní bí wọ́n ṣe jáde, ó sì dá wọn padà láti orí èyí tó jáde kẹ́yìn. Ọdún kejìlélógún nìyí tó ti ń gùn ún. Kò gun òmíràn rí tó jẹ́ tirẹ̀.

Láṣún, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà, ló kọ́kọ́ pariwo. "Ìyá Onímáṣíìnì! Àbúrò rẹ gun ẹṣin wọ̀lú, ìwọ ṣì wà lórí ewúrẹ́!"

"Ewúrẹ́ mi kì í sùn sọ́nà," ni Ìbíwùmí fèsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ kò kọjá eyín.

Bó ti ń jowú tó náà, kò lè fojú fo iṣẹ́ rere. Ó yí alùpùpù náà ká nígbà mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Màámi lọ́nà mẹ́sàn-án. Ó gùn ún dé ìkóríta, ó sì padà, nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ ohun tó yẹ kó mọ̀. Máṣíìnì Màámi, bí o bá ṣèèṣì yí iná ọwọ́ ọ̀tún tó ń mú un sáré jù, yóò wúkọ́, yóò fún ọ láyè láti bẹ̀ ẹ́. Èyí kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Yí i níwọ̀n iyọ̀ tí ìka méjì lè mú, á máa lọ pẹ̀lẹ́ bí ọmọlúàbí. Fi díẹ̀ kún un, gbogbo agbára tó ti ń fi pamọ́ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gùn ún, àní obìnrin pàápàá: ara á tẹ̀ síwájú, ìwúwo á bọ́ sórí ọrùn ọwọ́. Bí táyà bá wọ kòtò, ara á fò, ọwọ́ á sì tún yí iná sí i láìjẹ́ pé ẹni tó gùn ún fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bíréèkì iwájú ńkọ́? Ìka méjì tó láti dá a dúró. Ìka mẹ́rin lè ju ènìyàn kọjá lórí rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹwà ni gbogbo èyí.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Abídèmí fi kọ́ alùpùpù gígùn, lórí pápá kan l'Ékòó, lórí kékeré tí wọ́n yá a. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gun alùpùpù yóò gba ìkóríta kọjá lọ sí Ṣakí, òun yóò sì bá wọn lọ, lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò, iyanrìn àti àgùntàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbíwùmí nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ máṣíìnì. Ẹ má fi ojú àbúrò wò mí o. Ṣé ó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bíi tèmi?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu Ìbíwùmí. Ṣùgbọ́n bó bá ní kò yẹ, kí ni Láṣún yóò wí? Kí ni Abídèmí fúnra rẹ̀ yóò rò nínú? Ìlara ni wọn yóò pè é. Ohun mìíràn sì tún wà lábẹ́ ìyẹn tó burú jù ú lọ. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí Abídèmí ṣe ṣubú. Kì í ṣe ikú o. Kí eékún ṣáà bó díẹ̀, kí ọ̀dà dídán yẹn họ. Ohun tó rí náà dùn mọ́ ọn.

"Ó yẹ ọ́," ló wí. "Gùn ún."

"Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi! Mo mọ̀ pé ẹ ò ní purọ́ fún mi." Abídèmí dì mọ́ ọn, gírísì ọwọ́ Ìbíwùmí sì ta sí i láṣọ.

Láti ìgbà náà ni Ìbíwùmí kò ti lè jẹun kó yó. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó na ara sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, oorun sì gbé e lọ sí ọ̀nà tó gba inú ilé yìí.

Màámi ti ká òṣùká tán. Ó dìde, ó gbé bàsíà omi tó kún dé etí karí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìbíwùmí dìde láti tẹ̀ lé e, nítorí ó mọ ohun tí ìrìn náà jẹ́.

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún ni Màámi kọ́ ọ ní máṣíìnì ní ọ̀nà odò. Kò kọ́ ọ ní eré rárá. Ó ní eré kò nílò olùkọ́, òkúta tí a jù pàápàá ń sáré. Ó gbé omi karí, ó sì ní, "Máa tẹ̀ lé mi. Má kọjá mi. Má fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Má sì sún mọ́ mi débi tí ẹ̀rù á fi bà mí, nítorí bí mo bá bojú wẹ̀yìn, omi á dà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀yìn omi yẹn ni Ìbíwùmí ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ìdajì, bí bíréèkì ẹ̀yìn ṣe ń jẹ́ kí máṣíìnì dúró ṣinṣin tó bá ń rọra lọ, àti pé ọrùn ẹni tó wà níwájú ló yẹ kí ojú máa wò, kì í ṣe táyà.

Ọmọ ọdún méje ni Abídèmí nígbà náà. Kó tó dàgbà, wọ́n ti mú un lọ sí Ìbàdàn. Ó gba ilé ìwé gíga, ó gba góòlù Màámi, ó gba kí gbogbo ìlú máa wí pé òun ló jọ Màámi jù. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà odò nìkan ni kò gbà.

Ìgbà tí Ìbíwùmí fi máa gbé ẹsẹ̀ kejì, alùpùpù dúdú ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pariwo rárá. Abídèmí ló wà lórí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní ọrùn Màámi.

"Màámi!" Ìbíwùmí kígbe. "Ti èmi nìyẹn! Èmi lẹ kọ́. Ẹ ò kọ́ Abídèmí."

"Mi ò kọ́ Abídèmí," ni Màámi dáhùn, láìbojú wẹ̀yìn. "Òun ló jẹ́ kí n wá."

"Kì í ṣe tèmi lẹ bá wá?"

Màámi ń rìn lọ. Táyà iwájú alùpùpù náà ti ń sún mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ìbíwùmí rí ọrùn ọwọ́ Abídèmí tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ, ó sì rí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú bàsíà.

"Ọrùn ń ro mí, Ìbíwùmí," ni Màámi wí jẹ́jẹ́. "Wá sọ̀ mí."

Ó sáré dé iwájú rẹ̀, ó di etí bàsíà mú, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀.

"Kì í ṣe ilẹ̀." Ojú Màámi wá kò ó báyìí, ó sì rí bó ti rẹ̀ ẹ́ tó. "Omi tí a bá gbé kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ta ni yóò gbé e délé?"

Ó mú òṣùká kúrò lórí ara rẹ̀, ó fi í lé Ìbíwùmí lórí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ náà ń run ọṣẹ ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni bàsíà gúnlẹ̀ sórí rẹ̀, ó tutù, ó wúwo. Ìgbà náà ni ariwo ẹ́ńjìnnì tó ti sọnù láti ẹ̀ẹ̀kan dé.

Ìbíwùmí la ojú. Òkè páànù ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ rí. Ọrùn ń ro ó lóòótọ́, nítorí igi bẹ́ǹṣì ló fi ṣe ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ariwo náà kò dáwọ́ dúró. Níta ni Abídèmí wà, ó ti dé akoto, ó ń mú alùpùpù rẹ̀ gbóná.

Ìbíwùmí kò wá bàtà. Ó jáde, ó na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì náà.

"Àǹtí mi, kí ló dé? Wọ́n ti ń dúró dè mí."

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ṣakí kò ní sá. Mo purọ́ fún ọ lánàá. Máṣíìnì yìí kò yẹ ọ́. Kò tíì yẹ ọ́."

Abídèmí bọ́ akoto. "Àwọn ènìyàn ti sọ fún mi pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìlara ni."

"Ìlara ni," ni Ìbíwùmí wí. "Ìlara ló jẹ́ kí n sọ pé ó yẹ ọ́."

Láṣún tó ti na ọrùn láti òdìkejì ọ̀nà rọra yí padà sídìí táyà rẹ̀. Ìbíwùmí kò dúró de ohun tí Abídèmí máa sọ. Ó wọlé, ó bu omi kún bàsíà, ó ká aṣọ kan ní òṣùká. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tú u, ó tún un ká.

"Tanná sí i. Máa tẹ̀ lé mi dé ìdí igi ọsàn ẹ̀yìn ilé. Má kọjá mi, má fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bí o bá débẹ̀, mo gbà, máa lọ bá wọn."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ní ẹ̀ẹ̀kíní, alùpùpù fò síwájú, ó sì kú. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìbíwùmí kọjá bí ẹni tí wọ́n tì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ Abídèmí kanlẹ̀ nígbà mẹ́fà kí wọ́n tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Òógùn bò ó.

"Máṣíìnì yìí kò mọ ìrìn ni!"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ta ló sì máa kọ́ ọ, nígbà tí mo jókòó lé ẹ̀kọ́ Màámi?"

Ó sọ omi kalẹ̀ sórí pèpéle, ó lọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì Màámi. Láti ìgbà tí Màámi ti kú, kò sí ọwọ́ mìíràn tó kan máṣíìnì náà. Ó dì í mú pẹ́ díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kó tó tì í síwájú àbúrò rẹ̀. Ó sì gé okùn rọ́bà méjì lára túùbù, ó bẹ̀rẹ̀, ó so ẹsẹ̀ ṣòkòtò Abídèmí mọ́ ojúgun rẹ̀.

"Màámi ló máa ń ṣe báyìí," ni Abídèmí wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mo mọ̀. Wò mí lọ́rùn. Má wo táyà."

Ó gbé omi karí, ó kọjú sí ọ̀nà odò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré náà wúkọ́, ó gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní ìkóríta lọ́hùn-ún, ariwo àwọn alùpùpù ńlá kọjá lọ sí Ṣakí. Ìbíwùmí gbọ́ tí Abídèmí ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje lórí máṣíìnì Màámi, ìlara sì tún gún un. Ó gún un gan-an. Ó ń mì nínú rẹ̀ bí omi orí rẹ̀ ṣe ń mì, ọ̀tún, òsì. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń rìn lọ, omi náà kò sì dà.