Ogójì Òbí Ẹja

Bàbá Ọlọ́mọ ń fún ẹyin lára ẹja nígbà tí bàtà Dókítà dún lẹ́nu ilẹ̀kùn ibùdó tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja. Kò gbójú sókè. Abo àrọ̀ náà wà lórí itan rẹ̀, ó ti fi aṣọ tútù bò ó lójú kí ó má baà jà, ó sì ń fi ọwọ́ ti ikùn rẹ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Láyé ọjọ́un, ẹyin abo kan a kún abọ́ dé etí. Ti òní kò bo ìdí abọ́, ìdajì rẹ̀ sì ti funfun kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Òkú ẹyin ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Ó dáhùn, ó sì fi ara bo abọ́ náà kí ọmọbìnrin náà má rí inú rẹ̀.

Àwọn apẹja ló sọ ọmọbìnrin náà ní Dókítà Ẹja. Láti ìgbà tí àrùn awọ ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo pa ẹja odò náà ní ìpakúpa, kò níṣẹ́ méjì ju pé kí ó máa gé lẹbẹ ẹja bíńtín, kí ó máa rọ ọ́ sínú ìgò tó kéré bí ọmọ ìka. Wọ́n ní ẹja tó ti kú kò nílò onígbàjámọ̀ mọ́. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, a sì tún gé òmíràn.

Èsì àyẹ̀wò náà ti dé lónìí, ohun tó bá wá nìyẹn. Ó fa àga ṣíṣu kan, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún bàbá rẹ̀. Igba ẹja ni òun yẹ̀ wò, láti orísun odò títí dé ìsàlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti sún mọ́ra jù. Ìdí nìyẹn tí ẹyin kò fi pa mọ́, tí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ wọn ń wọ́, tí àrùn tó mú ọ̀kan fi mú gbogbo wọn. Ó ní ilé tí kọ́kọ́rọ́ kan bá ń ṣí gbogbo yàrá rẹ̀, olè kan ti tó láti kó o tán.

"Ọ̀nà méjì ló lè gbà ṣẹlẹ̀, Bàbá. Bóyá òbí tí ẹ fi ń pa ọmọ níbí ló kéré jù. Tàbí kí ó jẹ́ pé òbí yín pọ̀, àwọn tí ń pẹja lásìkò tí ẹja ń yé ló ti pa ti odò tán." Ó wo ara ògiri, níbi tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ sí pé ogójì òbí ni ibùdó náà ń mú láti inú odò lọ́dọọdún. "Ṣé ogójì ni lóòótọ́?"

"Ogójì ni," ni Bàbá Ọlọ́mọ wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dìde. Ìpàdé ẹgbẹ́ apẹja yóò wáyé lọ́sàn-án, ó ní ohun tí òun yóò sọ níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ó lọ tán, ọkùnrin náà da ẹyin abọ́ náà sínú kòtò omi ìdọ̀tí, ó sì fi omi ṣàn án lọ kíá, bí ẹni tí ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Irọ́ náà kò tí ì pé ogún ọdún. Mẹ́sàn-án péré ni, òtítọ́ sì ti wọ bàtà.

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ogójì ni lóòótọ́. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a tukọ̀ lọ sí ibi tí omi ti ń já lórí àpáta, níbi tí àrọ̀ ti máa ń wọ́ wá yé. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ti ń mú àrọ̀ láàyè bí ẹ̀gbọ́n náà. Ẹja a ti wọ inú agbọ̀n rẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé òun kúrò nínú odò. Àwọn tó mọ odò yẹn nígbà tí odò ṣì jẹ́ odò mọ̀ pé láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹja a máa ta lójú omi bí ẹni pé òjò ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ àlejò dé. Àwọn ènìyàn ńlá wá wo ibùdó, wọ́n ń yìn ín, ó na ọrùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sọ láàárín èrò pé, "Ẹ wo àbúrò mi. Omi tó dé orúnkún ń bà á lẹ́rù, òun ló wá ń bímọ fún odò." Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìyàwó Bàbá Ọlọ́mọ pàápàá fi ìborùn bo ẹnu. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni.

Nígbà tí òjò ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀, kò lọ. Ta ni yóò lọ bẹ ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Abo mẹ́fà wà nínú táǹkì, wọ́n sanra, wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Akọ ló wọ́n, nítorí pé kí a tó rí àtọ̀ rẹ̀ a ní láti là á ní ikùn, ó sì di òkú. Ó wá rí i pé bí òun bá po ti akọ kan mọ́ omi iyọ̀, á kárí abo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ wọn ló fi ṣe òbí. Ọdún tó tún tẹ̀ lé e, ọmọ ọmọ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pa. Èrò a tò létí odò wá wo bí ó ti ń tú wọn sínú omi, wọ́n á ní Bàbá Ọlọ́mọ dé. Ta ní í béèrè ìyá ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀?

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àwọn tí ẹ̀yìn wọn wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Á ṣà wọ́n kúrò láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, á dà wọ́n sẹ́yìn ọgbà fún àwọn ológbò. Kò sí ológbò tó sanra bí ti àdúgbò náà.

Gbọ̀ngàn àwọn apẹja ti kún nígbà tí ó débẹ̀. Wọ́n dìde fún un, wọ́n fún un níjòókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága. Ìgbà náà ló rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ló dá dúró láàárín gbọ̀ngàn, fìlà lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn náà kò gùn. Òfin ẹgbẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dẹ ohunkóhun síbi àpáta níbẹ̀rẹ̀ òjò, àfi tí ibùdó bá rán an. Ọdún mẹ́sàn-án léraléra ni wọ́n ti ń rí ọkọ̀ ọkùnrin náà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Alága bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Dókítà dìde, ó ka èsì tirẹ̀ kedere: bí ibùdó bá ń mú ogójì òbí, a jẹ́ pé ibi àpáta ni wọ́n ti pa ẹja tán.

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣebí a mọ̀. Ológìnní àgbà tí ń ṣọ́ ẹran."

Alága ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gòkè lónìí, kó má sì padà sórí omi mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, láti ọmọdé kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ó gbórí sókè díẹ̀. "Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa odò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Kò wo àbúrò rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Bó bá wò ó ni, bóyá ì bá rọrùn.

Bàbá Ọlọ́mọ kò dìde. Orí ìjókòó náà ló ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé Alága ní kó tún un sọ.

"Mo ní kì í ṣe ogójì. Abo mẹ́fà ni. Akọ kan. Àti ọmọ wọn, fún ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo purọ́ fún Dókítà láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo ń da àwọn tó wọ́ fún ológbò jẹ."

Ẹni tó jókòó tì í fa àga tirẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀, bí ẹni tí omi fẹ́ ta sí láṣọ. Dókítà ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà kan, ó pa ìwé dé.

Alága yíjú padà sí ẹni tó dúró láàárín. "Ṣùgbọ́n a rí ìwọ náà níbẹ̀. Kí lò ń wá?"

Ọkùnrin náà yí fìlà lọ́wọ́. Ó jọ pé kò fẹ́ sọ. "Òbí ẹja ni mo ń mú fún un," ló sọ níkẹyìn. "Ogójì. Mo máa ń dè wọ́n mọ́ inú agbọ̀n lábẹ́ omi, mo máa ń retí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá wá, mo tú wọn sílẹ̀."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún."

"O ò ṣe ránṣẹ́ pè é?"

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ sí i lójú èrò. Èmi ló yẹ kí n lọ bá a nílé. Ojú ń tì mí."

Dókítà ló béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ẹja ṣì ń ti òkè àpáta sọ̀ kalẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n náà ní ó ń wá, ṣùgbọ́n kò pọ̀ mọ́; ti ọdún tó kọjá, mọ́kànlá ni òun rí tí kò jọ ti inú táǹkì. Ó ní àwọ̀ wọn dúdú ju ti ìwọ̀nyí lọ, wọ́n sì ya ìpáǹle.

Bàbá Ọlọ́mọ kò gbọ́ ìyókù. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó ń nù ún, ó tún ń nù ún. Ìyá wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bí ó bá ṣẹ ènìyàn tí kò sì mọ bí yóò ṣe wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

Ó fẹ́ pè é ní Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà tó fẹ́ lanu ló tó mọ̀ pé ẹ̀yìn ọwọ́ tòun náà ti wà lẹ́nu, kò sì mọ ìgbà tó gbé e débẹ̀.