Abọ́ Tó Nílò Ọwọ́ Mẹ́rin

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Igbe ẹ̀ṣọ́ náà ba màmá àgbàlagbà kan lẹ́rù débi pé òòlù kékeré tó gbé sókè já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abọ́ amọ̀ tó fẹ́ lù wà níbẹ̀ digbí. Màmá wo ẹ̀ṣọ́ látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ká má parọ́, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọkùnrin yìí ti fi ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà náà, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló sì ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Máfọwọ́kàn! Àmọ́ ìpàtẹ tọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀. Obìnrin amọ̀kòkò kan ló to abọ́ ọgọ́rùn-ún sórí tábìlì gígùn, ó ní kí ẹni tó bá wọlé mú òòlù, kó fọ́ ọ̀kan, kó wá jókòó, kó fi gọ́ọ̀mù tò ó padà. Ọjọ́ kẹta rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì fọ́ ẹyọ kan.

Amọ̀kòkò náà sáré dé. "Bàbá, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà rèé lónìí! Ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, màdáámù. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni."

Obìnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. "Ó dáa. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ̀kan. Báwọn èèyàn bá rí i pé ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ fọ́ ọ, ọkàn wọn á balẹ̀." Ó na òòlù sí i.

Máfọwọ́kàn ò gbà á. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Èyí tó fọ́ ti wà nílé, màdáámù."

Ló bá tú inú rẹ̀ síta. Abọ́ tí ìyàwó rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ ni. Oṣù méje sẹ́yìn ló bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Ó jágbe mọ́ ọmọ náà pé, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí!" Ọmọ kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Látìgbà náà, ọmọ ò pè, bàbá ò pè. Ṣebí bàbá ni, ta ló fẹ́ bẹ ọmọ tó bí? Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, ilé sì ti dá páropáro.

"Ẹ gbé e wá lọ́la," ni amọ̀kòkò wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e dé nínú àpò ọ̀rá, àfọ́kù mọ́kànlá. Amọ̀kòkò kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ tò ó láìfi gọ́ọ̀mù kàn án, kó mọ ibi tí kálukú yóò wọ̀. Ẹni tó bá kánjú lẹ̀ ẹ́, èyí tó gbẹ̀yìn kì í ráyè wọlé. Ó gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ó lẹ ọ̀kan, ó na ọwọ́ mú èkejì, ti àkọ́kọ́ yẹ̀. Ó tún un lẹ̀, ó tún yẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, gọ́ọ̀mù ti lẹ ìka rẹ̀ pọ̀.

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, Bàbá. Ẹnì kan ní láti dì í mú títí á fi gbẹ. Ẹ jẹ́ n bá yín dì í."

"Ẹ ṣeun, màdáámù. Mo lẹ́ni tó máa dì í."

Ó nu ọwọ́, ó yọ fóònù. Ó dún títí, ó kù díẹ̀ kó pa á, ló bá gbọ́ ohùn kan: "Ẹ káàárọ̀, sà."

Sà! Ọmọ tó ń pè é ní Bàbá mi tẹ́lẹ̀! Ó dùn ún wọra. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tò látàná fò lọ.

"Abọ́ màmá rẹ ni mò ń tò níbi iṣẹ́. Ọwọ́ mi ò ká a. Jọ̀ọ́, wá bá mi dì í mú."

"Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

"Àṣìsọ ni. Má bínú, ọmọ mi. Fọwọ́ kàn án."

Ó gbọ́ bó ṣe ń fa imú. "Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i mọ́, Bàbá mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n tò. Mò ń bọ̀."

Máfọwọ́kàn fa àga kejì sún mọ́ tábìlì. Bó ṣe gbójú sókè, màmá àná ló rí tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde, ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́.

"Ẹ wọlé, màmá. Ẹ fọ́ èyí tó bá wù yín. Àga wà fẹ́ni tó máa bá yín tò ó."