Lọ́rì Tó Ń Jí Wa Jẹ Sààrì

Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn lọ́rì ju ìyàwó rẹ̀ lọ, kó rántí pé lọ́rì kì í rokà. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Kúlúsúmù, aya Àtàndá, ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó di gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ìdì kan ṣoṣo, tó gbé e karí, tó sì gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Alájùé lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé. Kò pariwo, torí kò rí ohùn tí ì bá fi pariwo. Àyà rẹ̀ ń dún fée, fée, bí táyà tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀. Ó nawọ́ sí lọ́rì ọkọ rẹ̀ tó wà lójúde, ó ní:

"Bàbá Labeebah, èmi tàbí òun. Ọjọ́ tó bá kúrò nínú agbo ilé yìí ni mo máa padà wọ̀ ọ́."

Ó bá lọ. Àtàndá wo ẹ̀yìn ìyàwó, ó wo lọ́rì, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì lọ́rì.

Ẹ jẹ́ kí n fi lọ́rì náà hàn yín, kẹ́ ẹ má baà rò pé ọkọ̀ gidi kan là ń sọ. Ó ju Teslim, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àtàndá, lọ lọ́jọ́ orí, Teslim sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ní ó pupa nígbà kan rí. Àwọ̀ tó kù lára rẹ̀ báyìí, Yorùbá ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Gbáàgúdá àti iṣu ló ń kó láti Àrá wá sí Ẹdẹ. Epo dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn awakọ̀ ń pè ní gáàsì ló ń mu, ó sì ń mu ún bí àna tó wá kí ni lọ́jọ́ ọdún. Ẹ FARA DÀ Á ni wọ́n kọ sára pákó ẹ̀yìn rẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà Àrá kò ní rí lọ́rì, kò ní rí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìyànjú yẹn nìkan ni yóò máa kà nínú èéfín. Àwọn àgbà ní ìwà lèéfín, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé lọ́rì Àtàndá níwà ju gbogbo wa lọ.

Ohun tó wá jẹ́ ìdààmú ni pé aago mẹ́rin ìdájí ni Àtàndá máa ń ta á síná lójoojúmọ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jí díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà. Yóò wá máa hó lójúde fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, àwo á máa bá àwo jà lórí pẹpẹ. Láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ra aago ìtanijí nínú agbo ilé wa. Bí ààwẹ̀ bá dé, lọ́rì yẹn gan-an ni aago sààrì wa. Bó bá ti hó gbìrìgbìrì báyìí, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò kaná, àwọn ọkùnrin á máa wá ṣíbí. Mọ́sáláṣí wa ní gbohùngbohùn o, a kàn máa ń gbàgbé pé ó ní in ni.

Ibi tí Àtàndá sì ń gbé e sí, sàláńsà rẹ̀, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, fèrèsé Kúlúsúmù gan-an ló kọjú sí.

Kúlúsúmù tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀kọ ló ń kiri nígbà ọmọge. Bó bá pe ẹ̀kọ ní Òkè Gàdà, àwọn tó ń fọṣọ lódì kejì odò Ọ̀ṣun á ti máa tú owó nídìí aṣọ. Ohùn yẹn ni Àtàndá tẹ̀ lé, kò tilẹ̀ tíì rí ojú, ó tẹ̀ lé e títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá ọmọ. Ogún ọdún èéfín ló sọ ohùn náà di fée-fée. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́, èéfín ni. Inú bí Àtàndá. Ó ní, "Ì bá kúkú sọ pé àjẹ́ ni, a ò bá mọ ohun tá a máa ṣe."

Nígbà tí obìnrin náà lo ọjọ́ mẹ́rin ní Alájùé, tí gàrí tí Àtàndá ń mu ti ń fẹ́ hù lẹ́nu rẹ̀, ó gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó pe jórinmọ́rin, ó ní kó so páìpù gígùn mọ́ sàláńsà, kó gbé e gba ara ògiri lọ sókè, kí èéfín lè máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n so ó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ta á síná. Èéfín gòkè lóòótọ́, ó dé òkè, ó wò yíká, ó bá yà sílé Tíṣà Oyèwọlé.

Tíṣà Oyèwọlé ni aládùúgbò wa, olùkọ́ àná, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó sá aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin sórí okùn lálẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé e wá.

"Àtàndá, ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ wọ èyí."

"Ẹ kú àárọ̀, Tíṣà. Dúdú yẹ yín."

"Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà o, n ò sí lẹ́gbẹ́ eléèédú."

"Ẹ ṣáà gbọ̀n ọ́n díẹ̀."

Tíṣà gbọ̀n ọ́n. Nǹkan tó jáde lára aṣọ náà mú àwọn méjèèjì wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ náà ni Àtàndá di iṣu márùn-ún, ó di Alájùé. Abẹ́ igi ọsàn ló ti bá Kúlúsúmù tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Labeebah, ó ti parí o. Mo ti so páìpù mọ́ ọn. Èéfín ò kọjú sí ọ mọ́."

"Ta ló wá ń fà á símú báyìí?"

Àtàndá wolẹ̀. "Tíṣà ni."

Kúlúsúmù kọ́kọ́ dijú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀wà dànù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó. Àtàndá náà ń wò ó. Ó ń retí ikọ́. Láti bí ọdún mélòó kan, ẹ̀rín Kúlúsúmù kì í ju ẹyọ méjì kí ikọ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tọjọ́ yìí lọ títí dópin, ó parí bí orin ṣe ń parí, ikọ́ ò dé. Ohùn ẹlẹ́kọ yẹn ló gbọ́, ohùn tó tẹ̀ lé nígbà èwe rẹ̀.

Ó gbé iṣu kalẹ̀, ó yíjú, ó gba Sẹ̀kọ̀nà lọ bá Teslim.

Iṣẹ́ sólà ni Teslim ń ṣe ní oríta Sẹ̀kọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbo ilé wa lòun náà ń gbé. Ó ní Márúwá akẹ́rù kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, tó fi bátìrì rọ́pò. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fi lọ Àtàndá, Àtàndá a sì máa bú u. Lọ́jọ́ yìí, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Teslim, níbo ni wọ́n ti ń rọ epo sí i?"

"Bàbá, kì í mu epo."

"Ohun tí kì í jẹ, tí kì í mu, tí kì í sọ̀rọ̀, òkú là ń pè é nílé wa."

"Oòrùn ló ń jẹ, Bàbá. Mo máa gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé yín."

"Bí òjò bá wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?"

"Á gbààwẹ̀ díẹ̀."

"Ààwẹ̀? Ṣé ó ti gba Ìsìláàmù ni?"

Wọ́n di iṣu lé e, Àtàndá gùn ún lọ Àrá, ó gùn ún bọ̀. Bá a bá pín ẹrù lọ́rì sí ìdá mẹ́fà, ìdá kan ló lè gbé, kẹ́ ẹ má baà ní mo ń pọ́n ọn. Ó gun òkè ṣá, kò sì rú èéfín tó tó ti sìgá. Ohun tó kó bá Àtàndá ni pé kò pariwo. Ewúrẹ́ ò yà, adìẹ ò sá, àgbàlagbà kan tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń ké "Ẹ yà o! Ẹ yà!" láti Àrá títí dé Ẹdẹ. Nígbà tó délé, òun náà ló wá ń ṣe fée-fée.

Ó gbé lọ́rì fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Sẹ̀kọ̀nà. Ó kẹ̀yìn sí i nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Pákó ẹ̀yìn nìkan ló gbà lọ́wọ́ wọn, Ẹ FARA DÀ Á, ó kàn án mọ́ ẹ̀yìn Márúwá. Ọmọ aráyé ò sì gbà kó rímú mí. Àtàndá Lọ́rì ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti di Àtàndá Tọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tí wọ́n rí oṣù ni Kúlúsúmù wọlé. Ó gbé ìdì rẹ̀ sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kò tú u. Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ sun oorun kan ná, kóun mọ bó ṣe rí.

Ó sun oorun ọ̀hún. Gbogbo wa la sùn ún.

Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti wà lójú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé àlá ni. Mo jáde, mo bá gbogbo agbo ilé lójúde, ojú wú, ètè gbẹ, ó ku wákàtí mẹ́wàá ó lé kí wọ́n tó lè fi omi kan ẹnu. Bàbá Ìyàndá, baálé wa, gbé àwo ọ̀ọ̀lẹ̀ dání, ọ̀ọ̀lẹ̀ tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún sààrì. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo fọ́tò olóògbé.

"Àtàndá!" Bàbá kígbe. "Jáde wá!"

Àtàndá jáde tòun ti ìyàwó rẹ̀. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Kò ní ohun tó fẹ́ ta síná mọ́, ó bá sùn fọnfọn. Kúlúsúmù ò wúkọ́ ní tiẹ̀, kò sì sí ohun tó jí i.

Àtàndá ní, "Bàbá, mọ́sáláṣí ò ha pè ni?"

"Mọ́sáláṣí pè! Lọ́rì ò pè! Èwo la mọ̀ níbẹ̀?"

Teslim ní, "Bàbá, ẹ fi tẹlifóònù yín ṣe aago."

"Tẹlifóònù mi máa ń kú kí n tó sùn. Ìwọ dákẹ́, ìwọ lo gbé ohun tí kò lóhùn wọ̀lú." Bàbá Ìyàndá kọjú sí Àtàndá. "Gbọ́. Wọn ò tíì tú ẹ́ńjìnnì lọ́rì yẹn. Lọ gbé e wá. Ẹ́ńjìnnì nìkan, a ò bèèrè táyà. Gbé e kalẹ̀ síbí, kò ní lọ ibì kankan. Kó ṣáà máa hó láàárọ̀."

Gbogbo èèyàn ní, "Ehn! Bẹ́ẹ̀ ni!" Èmi náà wà níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ebi ń pa mí. Tíṣà Oyèwọlé tí kò gbààwẹ̀ rárá yọjú lórí ògiri, ó ní òun náà pẹ́ dé ìpàdé àdúrà àárọ̀.

Mo rí ojú Àtàndá lásìkò yẹn. Ó tàn. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó lọ mú olólùfẹ́ rẹ̀ wálé, àgbà ló tún ń bẹ̀ ẹ́. Ó la ẹnu.

Kúlúsúmù kàn bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìdì tí kò tíì tú, ó gbé e lé èjìká.

Àtàndá pa ẹnu dé. Ó wo ìdì náà.

"Bàbá Ìyàndá," ó ní, "ẹ forí jì mí. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní padà wálé yìí."

"Ta ló máa wá jí wa?"

Kúlúsúmù sọ ìdì kalẹ̀. "Èmi ni."

A bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Ìyá Labeebah, èémí wo lẹ fẹ́ fi jí wa?" Ó fà á símú, ó fà á, àyà rẹ̀ wú títí a fi rò pé yóò bẹ́, ó wá tú u sílẹ̀:

"Ẹ jẹ ẹ̀ẹ̀ẹ̀kọ oooo!"

Àgbò já okùn. Àwo bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìyàndá. Tíṣà Oyèwọlé ò sí lórí ògiri mọ́.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́rì, ariwo kan náà ló ń pa fún gbogbo wa. Kúlúsúmù ń pe èèyàn lórúkọ, ó sì ń dúró dìgbà téèyàn bá dáhùn. "Bàbá Ìyàndá, ẹ dìde! Ẹ má sọ pé ẹ ti jí, ìhanrun yín ni mò ń gbọ́ yìí!" "Teslim, ìyàwó rẹ ń dáná, ìwọ ń yí bí òkìtì! Àna rẹ ń gbọ́ o!" "Tíṣà, ẹ̀yin ẹ máa sùn, ọ̀rọ̀ ò kàn yín!" Gbogbo Ẹdẹ ló mọ ẹni tó ń hanrun nínú wa báyìí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàbá Ìyàndá rọra wá bá Àtàndá nídìí Márúwá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ́.

"Àtàndá, ọmọ mi. Lọ́rì yẹn, a ò mọyì rẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé kò sí bó o ṣe lè bá aya rẹ sọ ọ́, kó dín ohùn kù díẹ̀?"

Àtàndá ń nu Márúwá rẹ̀ lọ. Nínú ilé, Kúlúsúmù ń kọrin. Àtàndá kàn na ìka sí pákó tó kàn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá Ìyàndá tẹ̀ síwájú, ó dijú díẹ̀, ó kà á.