Àkúdàáyà Orí Òkè Ọ̀kà

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yínmú, ẹ lọ mú Safinat wá ní Ìkàrẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kàwé ní Àkùngbá, kò sì sí ẹ̀dá tó jọ ọ́ lójú. Ó ń yínmú sí àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó ń yínmú sí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi mọ́tò bàbá wọn yangàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yínmú sí láyé ńbí, òkú sì ni onítọ̀hún.

Muhydeen lorúkọ rẹ̀. Ó ń lẹ táìlì sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan lórí òkè Ọ̀kà. Onílé wà lókè òkun, àdán ló ń gbé inú àjà, ìkùukùu sì máa ń bo òrùlé mọ́lẹ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Safinat lọ ya fọ́tò níbẹ̀, ọmọkùnrin náà ò gbà kí wọ́n ya òun. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Muhydeen kò gbà láti wá kí ìyá Safinat ní Ìkàrẹ́. Nígbà tí Safinat fẹ̀sùn kàn án pé ó ti níyàwó nílé, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ ọmọbìnrin náà lé ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ihò kan wà níbẹ̀, ó jìn, ó tutù.

"Àkúdàáyà ni mí," ó wí. "Ìfira, ìlú wa, ni wọ́n ti pa mí lọ́dún méjì sẹ́yìn, létí odò. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, mi ò rójú ẹni náà. Bí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí nílé bá fojú kàn mí báyìí, ó parí nìyẹn. Màá pòórá, mi ò sì ní padà wá mọ́."

Ọmọ mìíràn ì bá ti sá bọ́ sọ́nà. Safinat béèrè pé, "Ta ló pa ọ́?"

"Fi onítọ̀hún sílẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ bá gbé, mi ò wá ẹjọ́ rò."

Ó fẹ́ràn Muhydeen dọ́kàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹni tó pa á sílẹ̀.

Ó gba Ìfira lọ síbi àdúà ọdún kejì tí Muhydeen kú. Raheem, ọbàkan Muhydeen, ló ṣe é, òun náà ló sì ti jókòó lé oko kòkó bàbá wọn. Ẹ ò rí ìranù! Fọ́tò òkú kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára pátákó. Ti Raheem ló gba ìyókù. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bú sẹ́kún tí kò lómi.

"Ìkàrẹ́ ni mo wà! Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín! Mi ò rójú àbúrò mi! Ìpàkọ́ rẹ̀ tó fọ́ yẹn, Ọlọ́hun á bá wa tún un ṣe ní àlùjánńà!"

"Àmín!" ni àwọn ọ̀jẹun dáhùn, ẹran lẹ́nu.

Safinat dẹ́kun jíjẹ. Odò ló pa Muhydeen, bí gbogbo Ìfira ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bàbá Safinat fúnra rẹ̀ ń wẹ òkú ní Ìkàrẹ́, kò sì ròyìn òkú kankan délé rí, nítorí ẹni tó bá wẹ òkú gbọ́dọ̀ bo ohun tó rí lára rẹ̀ láṣìírí. Alfa Hámzàt tó wẹ Muhydeen ti pa tirẹ̀ mọ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ta ló wá sọ ọ̀rọ̀ ìpàkọ́ fún ẹni tí kò fojú rí òkú? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Safinat tiẹ̀ ti rò pé apànìyàn á ní làákàyè díẹ̀.

Kò sọ fún Muhydeen. Ó ránṣẹ́ sí Raheem pé wọ́n fẹ́ ta ilé kan lọ́pọ̀ ní Ọ̀kà. Ọ̀kánjúà ò jẹ́ kí Raheem béèrè ohunkóhun. Ó kó ọ̀rẹ́ méjì dání, ó mú Alfa Hámzàt wá kó ṣàdúà sílé. Safinat ti tilẹ̀kùn mọ́ Muhydeen láti ìta, ó purọ́ pé atẹ́gùn ń da eruku wọlé. Ó ti rò ó já: ojú ni èèwọ̀, ohùn kì í ṣe èèwọ̀.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun àsárì, ìkùukùu ò tíì ká lọ́jọ́ náà. Raheem ń fi áńkáṣíìfù bomú, ó ń bú ilé tó fẹ́ rà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wákà nínú yàrá.

Raheem mọ ohùn náà. "Ta... ta ló wà níbẹ̀?"

"Àbúrò yín ni, Alhaji," Safinat dáhùn, ó fi ìkúnlẹ̀ sí i. "Ẹni tí ẹ fọ́ ìpàkọ́ rẹ̀."

Orin dáwọ́ dúró. "Safinat, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Raheem wó lulẹ̀. "Muhydeen, foríjì mí! Nítorí oko ni! Òkúta ni mo fi gbá ọ, èṣù ló tì mí!"

"Láháólá!" Alfa Hámzàt kígbe. "Mo rí egbò yẹn, mo sì bò ó!" Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti di Raheem mú, wọ́n ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀, ká ní Safinat jẹ́ kí wọ́n wọ́ Raheem sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin náà nílẹ̀, ikun imú rẹ̀ ń ṣàn sórí agbádá rẹ̀, ìríra sì gba ọkàn Safinat. Ẹ̀bẹ̀ Raheem kò tó o. Ó fẹ́ kó rí ẹni tó pa, kó wárìrì, kó tọ̀ sára. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde.

"Safinat, jọ̀ọ́," Muhydeen wí láti inú yàrá. "Má ṣílẹ̀kùn."

Ó ṣí i.

Muhydeen dúró, sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Kò wo Raheem rárá, Safinat ló ń wò. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wù rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Raheem wárìrì lóòótọ́, ó sì tọ̀ sára. Wọ́n wọ́ ọ lọ. Alfa Hámzàt ní, "Ọlọ́hun á san án fún ọ, ọmọ mi. Ọmọ akin ni ọ́." Safinat kúnlẹ̀ ti ẹ̀wù náà. Raheem pa Muhydeen nítorí oko kòkó. Òun pa á kó lè rí bí ẹni tó ti ṣubú ṣe ń tọ̀ sára.