Àmín Lórí Ìrẹsì Ọnarébù

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rọ̀kíbátù kó tó rántí pé ibi iṣẹ́ lòun wà. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, Díákónì Àkànó, ti gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ tó fi ń gé bébà.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín, Rọ̀kí? Ìwé Ọnarébù lo ń kà níbẹ̀ yẹn àbí ìwé àwàdà?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Ìkẹtàdínlógójì nìyí." Ó gbé bébà náà súnmọ́ ojú. "'Irú ìrẹsì tí ẹ fún wa jẹ yìí, irú rẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run máa fún àwọn ọmọ yín jẹ, àti ọmọ ọmọ yín. Ẹ ṣé o.' Abẹ́ Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ ni wọ́n kó o sí!"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Díákónì Àkànó, ẹnikẹ́ni ò ní láti túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Irú ìrẹsì wo ni wọ́n tilẹ̀ fún wọn?"

"Èyí tí kòkòrò ti jẹ ni, ọ̀gá. Kóńgò méjì fún ilé kan. Odindi ọ̀sán ni Màámi fi ṣa òkúta inú tiwọn. Nígbà tí wọ́n sì sè é tán, ṣe ló ń rùn bí àpò tí òjò pa."

Díákónì mi orí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Rọ̀kíbátù ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé tó ti ń yẹ ìwé wò nílé ìtẹ̀wé yìí, ní àdúgbò Ṣómólú tó jẹ́ pé bí wọn ò bá máa tẹ ìwé ní ilé kan, a jẹ́ pé wọ́n ń di ìwé níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìwé ń gbà kọjá kó tó wọ ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ sì mú débi pé àmì ohùn kan kì í sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìwé pẹlẹbẹ ni ti òní. Ọnarébù Adéjìmí, tó ń ṣojú Bariga ní ìjọba ìbílẹ̀, pín ìrẹsì fún àwọn ará ibẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, ó sì gbé àwòrán rẹ̀ sójú Fésíbúùkù. Àwọn èèyàn rọ́ lọ síbẹ̀, oníkálukú sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tófúnmi, tó ń bá Ọnarébù mójú tó Fésíbúùkù, wá ṣa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú ọ̀rọ̀ náà, ó pín in sí méjì. Ìdúpẹ́ jẹ́ irinwó ó lé méjìlá. Ẹ̀gàn ò ju méjìdínláàádọ́rùn-ún lọ.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ ni, Rọ̀kíbátù ì bá rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán kó gbàgbé. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló gbá a láyà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí inú aráàlú ti dùn tó báyìí, ìrẹsì ni Ọnarébù yóò tún fi owó iṣẹ́ àkànṣe ọdún yìí rà. Àtúnṣe ẹ̀rọ omi Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn Rọ̀kíbátù ní Bariga, di ọdún tó ń bọ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀rọ omi náà ti dákẹ́. Ọ̀sà wà níwájú ilé àwọn ará Ìlàjẹ, kò sí ibi tí wọ́n yíjú sí tí wọn ò rí omi, síbẹ̀ ọwọ́ mẹ́rúwà tó ń ta omi kiri ni wọ́n ti ń ra èyí tí wọ́n máa mu. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ ìyá Rọ̀kíbátù, bẹ́ẹ̀ ẹja tí wọn ò bá fọ̀, ta ni yóò rà á? Nígbà tí mẹ́rúwà ò bá wá, ìyá yìí fúnra rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, á gbé kẹ́ẹ̀gì lérí, á di ìsàlẹ̀ títì. Inú bí Rọ̀kíbátù débi pé báírò pupa ọwọ́ rẹ̀ lu bébà jáde sí òdìkejì.

"Ọ̀gá, a gbọ́dọ̀ sọ fún Tófúnmi pé èpè ló kó jọ."

"Àwa kẹ̀?" Díákónì yíjú sí i. "Rọ̀kí, gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí oníbàárà bá gbé wá la ń tẹ̀. Àmì ọ̀rọ̀ ni mo gbà ọ́ láti máa tún ṣe, n ò gbà ọ́ láti tún inú ọ̀rọ̀ ṣe. Aago méjì ni bọ̀bọ́ yẹn ń bọ̀ wá buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò. Bó bá ti buwọ́ lù ú, gbogbo àṣìṣe tó wà níbẹ̀ di tirẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé."

"Ẹ̀rọ omi Ìlàjẹ ńkọ́, sà?"

"Ìdìbò ń bọ̀. Gbogbo pósítà Ọnarébù, ọ̀dọ̀ wa ló máa gbé e wá. Tí o bá ti ẹnu bọ ohun tí ò kàn ọ́, tí iṣẹ́ yẹn bọ́, ìwọ náà mọ ọ̀nà ilé yín."

Rọ̀kíbátù tẹrí ba sórí ìwé. Kí á má purọ́, èṣù tilẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kó fi àwọn èpè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀wá ìwé, àwòrán Ọnarébù lójú ìwé àkọ́kọ́ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èpè ilé kún inú, èpè oko kún inú! Ì bá dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èpè kì í tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí Tófúnmi wọlé. Ọmọ tó mọ ìwà hù ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Díákónì, ó sì kí Rọ̀kíbátù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ìwé." Rọ̀kíbátù fa àga kan fún un. Kò jẹ́ kí Díákónì rí ojú òun. "Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín pín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí méjì?"

"Èmi ni. Wọ́n pọ̀ gan-an, torí náà mo kó wọn sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ tó wà lórí fóònù mi. Ìyẹn ló sọ èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù."

"Ó ní ìkẹtàdínlógójì jẹ́ ìdúpẹ́?"

Tófúnmi wò ó. "Àdúrà ni, àǹtí. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ Ọnarébù lóúnjẹ. Èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló tún ṣe àmín sábẹ́ ẹ̀."

"Èpè ni."

"Háà, àǹtí! Èmi náà gbọ́ Yorùbá o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mọ́mì mi."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ làwọn èèyàn sọ fún yín, kó lè di odidi tó bá dénú yín. Ẹ̀rọ orí fóònù yín ò ní inú."

Díákónì wúkọ́ látòkèèrè, irú ikọ́ tí kì í ṣe ti òtútù. Rọ̀kíbátù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó rí i pé ọmọkùnrin náà ò gbà, ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún òun ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá báírò kiri nínú àpò. Rọ̀kíbátù bá fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Màámi, ẹnì kan wà níbí láti ọ́fíìsì Ọnarébù. Wọ́n fẹ́ mọ bí ẹ ṣe rí ìrẹsì yẹn."

Ohùn ìyá dùn bí oyin. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa kí Ọnarébù. Ohun tó ṣe fún wa yìí, Ọlọ́run á ṣe é fún un. Bó ṣe tọ́jú wa, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe tọ́jú òun náà lọ́jọ́ ogbó rẹ̀."

Tófúnmi rẹ́rìn-ín, ó la ọwọ́ méjèèjì. "Àǹtí, ẹ̀yin náà gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀yin náà."

Tófúnmi tẹrí ba sí fóònù. "Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, Tófúnmi lorúkọ mi. Ẹ bá mi ṣe àdúrà yẹn fún èmi náà."

"Fún ta?" Oyin ti tán lóhùn ìyá. "Kí lo ṣe?"

"Mo kàn ń bá Ọnarébù ṣiṣẹ́ ni, mà."

"Ìwọ lo ra ìrẹsì náà?"

"Rárá o, mà."

"O mọ̀ pé kòkòrò wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà! N ò tiẹ̀ rí i sójú."

"A-úsùbílláhì! Kò ní jẹ́ tìrẹ, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó kàn ọ́. Rọ̀kíbátù! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ tí ẹ fi jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa fi ẹnu ara ẹ̀ tọrọ èpè? Ìwọ ọmọ yìí, sọ pé kò ní jẹ́ tèmi!"

"Kò ní jẹ́ tèmi," ni Tófúnmi wí. Ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Àmín!" ni Díákónì wí láti ìdí ẹ̀rọ, kó tó rántí pé òun ò bá wọn dá sí i.

Rọ̀kíbátù dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì pa fóònù. Tófúnmi jókòó. Ó ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Àánú rẹ̀ ṣe Rọ̀kíbátù.

"Àǹtí," ó béèrè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́ tí ẹ kí mi nígbà tí mo wọlé, ti dáadáa ni àbí?"

"Ti dáadáa ni." Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín, Tófúnmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Lọ́la, aago mẹ́wàá, ni Ọnarébù máa gbà á ní ọ́fíìsì wọn. Wọn ò tiẹ̀ ní ka ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Iye ni wọ́n máa wò. Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn èpè yẹn kúrò, ká fi àwọn tó dáa sílẹ̀."

"Ká yọ wọ́n? Ta ló máa wá sọ fún un pé omi ò sí? Tó bá jẹ́ iye ló máa wò, iye la máa tún kà."

Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ti Tófúnmi, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Èyí tó bá rú Tófúnmi lójú, á kà á sókè, Rọ̀kíbátù á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá kan kọ ọ́ pé ìrẹsì náà lòun fi ṣínu fún ọjọ́ mẹ́ta, pé òun ò rí nǹkan mìíràn, kí Ọlọ́run bá òun dúpẹ́. Ó wu Rọ̀kíbátù kó kó o mọ́ èpè, torí pé ó bí i nínú pé èèyàn lè dúpẹ́ lórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ inú ni bàbá náà fi sọ ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ láàárín ìdúpẹ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Godspower lọ kọ ọ́ sí ibi mẹ́sàn-án pé òun ń ta àgbo tí ń fa ikùn wọlé.

"Ìyẹn náà wà nínú ìdúpẹ́ yín," ni Rọ̀kíbátù wí. Tófúnmi bo ojú.

Nígbà tí wọ́n parí, ìdúpẹ́ tòótọ́ jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Àwọn tó ń polówó ọjà jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rin tó kù, ìbínú ni, yálà wọ́n sọ ọ́ gbangba tàbí wọ́n fi àdúrà bò ó. Ọgọ́sàn-án nínú wọn ló dárúkọ omi.

Tófúnmi gbá orí mú. "Wọ́n máa bi mí pé ta ló túmọ̀ ẹ̀ báyìí."

"Kì í ṣe ilé iṣẹ́ mi o," ni Díákónì sọ kíá.

"Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀," ni Rọ̀kíbátù wí. "Rọ̀kíbátù Yísà, ọmọ Ìlàjẹ ní Bariga."

Díákónì Àkànó dìde, ó wá dúró tì í. "O rántí ohun tí mo sọ láàárọ̀?"

"Mo rántí, sà."

"Síbẹ̀?"

"Ìyá mi ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì lérí, ọ̀gá. Tí ẹ bá ní kí n máa lọ lọ́la, màá lọ. Ṣùgbọ́n tí n bá jẹ́ kí irọ́ yìí kọjá lábẹ́ ojú mi, n ò ní lè ka ìwé kankan mọ́."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Kò sọ pé kó máa lọ, kò sì sọ pé kó dúró. Ó padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń to bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀. Rọ̀kíbátù mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Tófúnmi kọ orúkọ náà sí abẹ́ iye tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ tún dúró. "Tí wọ́n bá ní irọ́ ni ńkọ́? Wọ́n lè ní àwọn ará Fésíbúùkù kì í ṣe èèyàn gidi, pé àwọn alátakò ló ń lo orúkọ olórúkọ."

Òótọ́ ló sọ. Rọ̀kíbátù ronú sí i, ó sì tún gbé fóònù. Ìyá rẹ̀ gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ lè sọ ọ́ lójú Ọnarébù?"

"Lójú rẹ̀? Rárá. Ta ní í ṣẹ́ èpè lójú ẹni? Torí pé n ò rí i ni mo fi ń gbé e ṣẹ́. Tí mo bá rí i lójúkojú, kí ni mo tún fẹ́ fi èpè ṣe? Omi ni màá ní kó fún wa."

"Aago mẹ́wàá lọ́la, Màámi. Màá wá mú yín."

"Ìyá Látífàt ilé kejì wa náà máa fẹ́ lọ. Àwọn tó ń fọ ẹja lẹ́bàá mi ńkọ́? Àwa mélòó ni ọ́fíìsì náà gbà?"

Rọ̀kíbátù yíjú sí Tófúnmi. Tófúnmi ti gbọ́, ó sì ń ronú. "Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀," ó wí.

"Wọ́n ní àga mẹ́fà ni, Màámi."

"Ta ló fẹ́ jókòó?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn.